Báńkì Dá Ṣẹ́ẹ̀kì Padà: Ta Ni Yóò San Owó Tí Wọ́n Gé?

Ẹ̀KỌ́ ÒFIN
Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ SS 2, ọmọ ẹgbẹ́ Press Club

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá sí ojú ìwé Ẹ̀kọ́ Òfin lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe inú ìwé Kọ́mẹ́ẹ̀sì nìkan ni mo ti rí i, inú ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ màmá mi kí n tó kọ ọ́. Wọ́n ní, "Kọ ọ́, ṣùgbọ́n má dárúkọ ẹnikẹ́ni." Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé ta ni.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Aránṣọ ni màmá mi, ní Ìkòròdú níbí. Yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń rán jù. Ní sáà tó kọjá, ẹnì kan tó ní ilé ìwé aládàáni gbé iṣẹ́ ńlá fún wọn. Owó aṣọ kò sí lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá lọ bá Alhaja tó ń ta aṣọ fún wọn ní Òṣòdì. Alhaja gbé aṣọ N350,000 fún wọn láwìn, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bára wọn ṣe. Màmá mi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn rán aṣọ náà títí wọ òru. Èmi náà bá wọn rán bọ́tìnì mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n kó aṣọ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà yìí, ó fún wọn ní ṣẹ́ẹ̀kì N480,000. Ọjọ́rú ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé e lọ sí báńkì. Wọ́n ní kí wọ́n bá wọn wo iye tó wà nínú àkáǹtì wọn. Ẹni tó wà lórí káńtà sọ iye méjì fún wọn. Ó ní N542,000 ló wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n N62,000 ni wọ́n lè ná. Èyí tó pọ̀ ni màmá mi gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Alhaja wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ra ọjà, kí màmá mi jọ̀ọ́ san owó àwọn. Màmá mi pè mí. Èmi ni mo máa ń bá wọn kọ ṣẹ́ẹ̀kì, wọ́n á wá fọwọ́ sí i. Mo bi wọ́n pé, "Mọ́mì, ṣé owó ọjọ́ yẹn ti wọlé?" Wọ́n ní, "Ó ti wà nínú àkáǹtì, wọ́n sọ fún mi lánàá." Mo kọ orúkọ Alhaja, mo kọ N350,000 ní nọ́ńbà, mo tún kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀. Ìkọ̀wé mi dára gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, báńkì dá ṣẹ́ẹ̀kì oníbàárà padà, kò sówó nínú àkáǹtì rẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, wọ́n dá ti màmá mi náà padà fún Alhaja. Báńkì màmá mi wá gé N5,000 nínú N62,000 tí wọ́n ní, wọ́n ní torí pé wọ́n kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí owó wọn kò tó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ariwo Alhaja la kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí wọn. "Ìyá Aránṣọ! Dọ́ọ̀dù ṣẹ́ẹ̀kì lẹ fún mi! Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni?" Gbogbo àdúgbò jáde. Màmá mi kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ara wọn. Mi ò rí i kí wọ́n kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń yí nínú orí mi. Ìkíní, ta ló jẹ màmá mi ní N480,000, àti pé kí ni òfin ní kó san? Ìkejì, N5,000 tí báńkì gé, ọrùn ta ló wà? Ìkẹta, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè ti màmá mi mọ́lé? Mo bi olùkọ́ Kọ́mẹ́ẹ̀sì wa, mo bi bọ̀ọ̀dá lọ́yà kan tó ń gbé ní ọ̀nà ilé wa, mo sì ka ìwé. Ohun tí mo rí nìyí.

ÈÈYÀN MẸ́TA LÓ WÀ LÓRÍ ṢẸ́Ẹ̀KÌ KAN

Àwọn àgbà tó sọ ṣẹ́ẹ̀kì ní sọ̀wédowó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ń sọ ìwé di owó. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ ọ́ di owó, ìwé lásán ṣì ni. Òfin tó ń darí rẹ̀ ní Nàìjíríà ni wọ́n ń pè ní Bills of Exchange Act. Ohun tí òfin náà pè é ni àṣẹ tí ènìyàn kọ sí báńkì rẹ̀ pé kí ó san iye owó báyìí fún lágbájá nígbàkígbà tó bá béèrè.

Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́, báńkì tó ń gba àṣẹ, àti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Bí ẹ bá gba ṣẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́ mi, owó kọ́ lẹ gbà o. Lẹ́tà tí mo kọ sí báńkì mi lẹ gbà. Báńkì lè ka lẹ́tà náà tán kí ó ní, "Kò sówó."

Nígbà tí ẹ bá gbé e lọ sí báńkì tiyín, báńkì yín á fi ránṣẹ́ sí báńkì ẹni tó kọ ọ́ láti béèrè owó. Tẹ́lẹ̀, ìwé náà gan-an ni wọ́n ń gbé kiri. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ó yá ju ti àtijọ́ lọ. Síbẹ̀, kò sí bó ṣe lè yá tó, ìbéèrè ṣì ni títí ìdáhùn fi máa dé.

Ìdí nìyí tí iye méjì fi máa ń wà. Iye tó wà lórí ìwé ti ka ṣẹ́ẹ̀kì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá mọ́ owó yín. Iye tí ẹ lè ná kò kà á mọ́ ọn, torí ìdáhùn kò tíì dé. Kò sí òfin tó ní dandan ni kí báńkì san owó fún yín lórí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò tíì jáde, àfi tí ẹ̀yin pẹ̀lú wọn bá jọ ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀. N542,000 tí màmá mi gbọ́ dà bí ẹyin tó wà lábẹ́ adìyẹ. Ẹnikẹ́ni kì í ta á ní òròmọdìyẹ.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: KÍ NI ONÍBÀÁRÀ JẸ?

Èyí kò le rárá. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì ti ṣe ìlérí méjì lójú òfin. Ó ṣe ìlérí pé báńkì yóò san án. Ó tún ṣe ìlérí pé bí báńkì kò bá san án, òun fúnra òun yóò san án fún ẹni tó ni ín. Bí báńkì ṣe dá a padà yẹn, gbèsè kò lọ síbì kankan. Ńṣe ló padà sí ọrùn ẹni tó kọ ọ́.

Òfin náà tún ka ohun tí ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀kì lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni:

1. Iye owó tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀kì náà.
2. Èlé, láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ fún ìsanwó.
3. Owó tí ènìyàn ná láti gba ẹ̀rí lọ́dọ̀ nótárì pé báńkì kò san án, bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ṣé ẹ rí N5,000 màmá mi níbẹ̀? Èmi náà wá a títí, mi ò rí i. Owó tí báńkì gé kò sí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀kọ́ fún mi nìyẹn, torí mo ti rò pé òfin á kàn sọ pé ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni kó san gbogbo ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: TA LÓ NI OWÓ TÍ BÁŃKÌ GÉ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya owó méjì sọ́tọ̀. Báńkì oníbàárà lè gé owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ṣẹ́ẹ̀kì tirẹ̀. Ìyẹn kàn án, kò kàn wá. Báńkì màmá mi gé owó lọ́wọ́ màmá mi nítorí ṣẹ́ẹ̀kì tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí. Èyí ni a ń bá fà á.

Láàárín màmá mi àti báńkì, màmá mi ló jẹ ẹ́. Àdéhùn wà láàárín àwọn méjèèjì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí àkáǹtì. Kò sí àdéhùn kankan láàárín báńkì náà àti oníbàárà. Màmá mi kò lè sọ fún báńkì pé, "Ẹ lọ gé e lọ́wọ́ ẹni tó tàn mí." Báńkì á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé báńkì lè gé iye tó bá wù ú. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ní ìwé kan tó sọ oríṣiríṣi owó tí báńkì lè gé àti ibi tó gbọ́dọ̀ mọ. Bí wọ́n bá gé ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì yín kọ́kọ́. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn bó ṣe yẹ, ẹ gbé e lọ sí CBN. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó wà nínú àkáǹtì yín, tó jẹ́ báńkì ló ṣèèṣì dá ṣẹ́ẹ̀kì yín padà, ẹ̀bi tiwọn ni. Láti ọdún 1830 ni ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Marzetti v Williams. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí màmá mi. Owó wọn kò tó lóòótọ́.

Ó wá ku ìbéèrè tó le jù. Lẹ́yìn tí màmá mi ti san N5,000 fún báńkì, ṣé wọ́n lè yí padà gbà á lọ́wọ́ oníbàárà? Ṣebí òun ló fà á?

Kí a tó dáhùn, ẹ bá mi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1854. Ẹjọ́ kan wáyé níbẹ̀ tí àwọn adájọ́ wa ní Nàìjíríà ṣì ń tẹ̀ lé. Orúkọ rẹ̀ ni Hadley v Baxendale. Àwọn Hadley ní ẹ̀rọ ìlọ̀kà ní ìlú Gloucester. Ọ̀pá irin tó ń yí ẹ̀rọ náà dá. Wọ́n ní láti fi í ránṣẹ́ sí Greenwich, kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ lè wò ó ṣe tuntun. Wọ́n gbé e fún àwọn akẹ́rù, àwọn yẹn sì fi iṣẹ́ náà falẹ̀. Ọ̀pá tuntun pẹ́ kí ó tó dé, ẹ̀rọ kò lọ ọkà ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Àwọn Hadley ní kí akẹ́rù san èrè tí àwọn ì bá ti jẹ.

Ilé ẹjọ́ ní oríṣi àdánù méjì ni ẹni tó ba àdéhùn jẹ́ máa san. Àkọ́kọ́ ni èyí tó máa ń ti inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè mọ̀ láìsọ. Èkejì ni èyí tí àwọn méjèèjì ti mọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ kò bọ́ sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Oníléeṣẹ́ mìíràn lè ní ọ̀pá kejì nílé. Akẹ́rù kò mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí kò ní. Àwọn Hadley kò rí owó èrè náà gbà.

Bọ̀ọ̀dá lọ́yà ka èyí fún wa tán, wọ́n wá bi màmá mi pé, "Mọ́mì, nígbà tí ẹ ń gba iṣẹ́ yẹn, ṣé ẹ sọ fún un pé owó rẹ̀ gan-an lẹ máa fi san owó aṣọ?"

Màmá mi ní, "Kí ni mo fẹ́ máa sọ ìyẹn fún oníbàárà sí?"

Bọ̀ọ̀dá lọ́yà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà. Lọ́yà tó bá mọ iṣẹ́ lè sọ nílé ẹjọ́ pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé aránṣọ kì í ní owó nílẹ̀, pé owó oníbàárà ló fi ń san owó aṣọ. Adájọ́ lè gbà. Adájọ́ sì lè ní oníbàárà kò mọ iye tó wà nínú àkáǹtì màmá mi, kò sì mọ̀ pé wọ́n máa kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún Alhaja kí tirẹ̀ tó jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ fún un kí wọ́n tó gba iṣẹ́, tí ó sì wà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ pátápátá.

Ní ibòmíràn, òfin ti bá oníṣòwò sọ ọ́. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí ẹni tí wọ́n fún ní irú ṣẹ́ẹ̀kì yìí gba owó ìdíwọ́ tó lè tó $25 ní ìgbà àkọ́kọ́, àti $35 fún èyí tó bá tún tẹ̀ lé e láti ọwọ́ ẹni kan náà. Bí ó bá fi lẹ́tà béèrè lọ́nà tí òfin là sílẹ̀, tí ọjọ́ 30 sì kọjá láìsan, ilé ẹjọ́ tún lè ní kí ẹni náà san ìlọ́po mẹ́ta iye ṣẹ́ẹ̀kì náà lé e, kò ní dín ní $100, kò sì ní ju $1,500 lọ. Nínú Bills of Exchange Act tiwa, nǹkan mẹ́ta tí mo kà lókè yẹn ni wọ́n kọ. Ohun tí òfin kò bá ènìyàn sọ, ẹnu ara ẹni la fi ń sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: ṢÉ Ẹ̀WỌ̀N NI LÓÒÓTỌ́?

Ọ̀rọ̀ Alhaja kì í ṣe ìhàlẹ̀ lásán. Láti ọdún 1977 ni òfin kan ti wà ní Nàìjíríà lórí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó lẹ́yìn. Ẹni tó bá fi irú ṣẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀ gba ọjà, tàbí tó fi gba àwìn, ti dẹ́ṣẹ̀, bí wọ́n bá gbé e lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, tí báńkì sì dá a padà torí pé kò sówó tàbí owó kò tó. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni, kò sì sí pé kí wọ́n gba owó ìtanràn dípò rẹ̀. Ẹ má rò pé ẹni tó kọ ọ́ láti san gbèsè àtijọ́ bọ́ níbẹ̀ o. Òfin náà ka ìyẹn mọ́ gbígba àwìn.

Nígbà tí mo ka ibí yìí, ọwọ́ mi tutù. Ó kan oníbàárà, ó sì kan màmá mi. Òfin kò bi wá bóyá ẹnì kan ló kọ́kọ́ tàn wá jẹ.

Ṣùgbọ́n mo ka ìwé náà síwájú. Òfin náà ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò jẹ̀bi bí ó bá lè fi hàn ilé ẹjọ́ pé, nígbà tí òun kọ ṣẹ́ẹ̀kì náà, òun ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbàgbọ́ pé báńkì máa san án, àti pé òun gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nǹkan méjì nìyẹn o, ìgbàgbọ́ àti ìdí. Màmá mi gbàgbọ́, mo lè búra sí i. Ìdí wọn ni ìwé tí báńkì fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀kì N480,000 lọ. Bọ̀ọ̀dá lọ́yà ní kí a tọ́jú ìwé yẹn bí ojú. Wọ́n tún ní ìdí náà kò le tó bí a ṣe rò, torí ẹni orí káńtà ti sọ pé N62,000 ni wọ́n lè ná.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ èyí, wọ́n á ní, "Gbèsè ni mo jẹ, mi ò jalè." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ènìyàn fi ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo san ti kúrò ní gbèsè nìkan. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò ju ìwé pélébé kan lọ.

BÍ Ó ṢE PARÍ

Mo bá màmá mi kọ lẹ́tà sí oníbàárà náà. A béèrè N480,000, a sì béèrè N5,000. A fún un ní ọjọ́ 14. A ní bí kò bá san án, a máa gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ fún gbèsè kékeré, èyí tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2018. Gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ kí ó tó débẹ̀.

A kò débẹ̀. Oníbàárà náà fi owó ránṣẹ́ ní ìgbà méjì títí N480,000 fi pé. Lórí N5,000, ó pè wá lórí fóònù, ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún ẹlòmíràn?" Inú bí màmá mi. Inú bí èmi náà, ṣùgbọ́n mo rántí àwọn Hadley àti ọ̀pá irin wọn, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Màmá mi ní kí a fi sílẹ̀.

Ọjọ́ tí ìdajì owó náà kọ́kọ́ wọlé, a dúró. Ọjọ́ kejì ni màmá mi tó gbéra. Wọ́n gbé owó Alhaja ní káàṣì, wọ́n sì tún bẹ̀ wọ́n. Alhaja gba owó, wọ́n gba ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, wọn kì í ta aṣọ láwìn fún màmá mi mọ́. N5,000 ni báńkì gé, àwìn Alhaja ni ṣẹ́ẹ̀kì yẹn gé jù. Kò sí ilé ẹjọ́ tó máa dá ìyẹn padà.

Mo wá tẹ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ rìsíìtì màmá mi. Mo mú un lọ han bọ̀ọ̀dá lọ́yà pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n kà á, wọ́n ní, "Ó dára, ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ máa ń fún oníbàárà ní rìsíìtì?" Mo ní nígbà tó bá sanwó tán. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kó wà nínú àdéhùn, ẹ jẹ́ kó rí i kí àdéhùn tó dé." Mo kó o kúrò lórí rìsíìtì, mo gbé e sórí ìwé tí oníbàárà ń fọwọ́ sí nígbà tó bá gbé iṣẹ́ wá. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí nìyí:

"Owó yín la fi ń san owó aṣọ. Bí báńkì bá dá ṣẹ́ẹ̀kì yín padà, ẹ̀yin lẹ máa san owó tí báńkì bá gé lọ́wọ́ wa nítorí rẹ̀."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló jẹ́ kí oníbàárà mọ àdánù tó lè dé. Gbólóhùn kejì ló gbé e lé e lọ́rùn.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ RÁNTÍ

1. Ṣẹ́ẹ̀kì kì í ṣe owó. Àṣẹ sí báńkì ni.
2. Bí ẹ bá béèrè owó yín, ẹ béèrè iye tí ẹ lè ná. Ẹ má fi iye orí ìwé kọ ṣẹ́ẹ̀kì.
3. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì ló ni ín. Kò sí bí ẹni tó tàn yín ṣe burú tó, ṣẹ́ẹ̀kì tiyín yóò wá yín wá.
4. Owó tí báńkì gé lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin àti báńkì ni. Láti gbé e lé ẹlòmíràn lọ́rùn, ẹ sọ ọ́ kí àdéhùn tó dé, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.
5. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé tí báńkì bá fún yín, àti ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n bá dá padà.
6. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá òbí yín kọ ṣẹ́ẹ̀kì bíi tèmi, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo béèrè.

ÌBÉÈRÈ FÚN YÍN

Ká ní oníbàárà náà wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Alhaja ń gbé aṣọ wá, tí ó gbọ́ nígbà tí màmá mi ń sọ pé, "Owó iṣẹ́ yìí ni mo máa fi san án fún yín," ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lójú ẹ̀kọ́ Hadley, ṣé N5,000 wà lọ́rùn rẹ̀ àbí kò sí? Ẹ kọ ìdáhùn yín àti ìdí rẹ̀ sórí ìwé kékeré, ẹ jù ú sínú àpótí Press Club kó tó di Ọjọ́ Ẹtì. A máa lẹ èyí tó bá dára jù mọ́ ara ògiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.